Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Lẹ́yìn Bọ́tìnì

Iṣẹ́ mi kò ní orúkọ tó dùn ún pè. Àwọn tó mọ̀wé láàárín wa ní iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi yangàn: ẹnì kan ń tọ́jú dígí ńlá tí a fi ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀run, ẹnì kan ń ka òǹkà lójú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan sì ni ọ̀gá pátápátá. Èmi, orí òrùlé ni mo máa ń jókòó sí, lórí àga onírin kan tí kò ní tìmùtìmù, bọ́tìnì pupa kan á wà lọ́wọ́ mi, màá sì máa wo ojú ọ̀run. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wíwo ojú ọ̀run kì í ṣe iṣẹ́, ẹ ní kí ó wá gbé ọrùn sókè fún wákàtí kan péré, kí a tó jọ sọ̀rọ̀.

Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọkọ̀ kan wà lókè lọ́hùn-ún tí kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ó ń yí ayé kékeré kan po, ó ń ya àwòrán rẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko kí ó tó ti ọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀, á sì lo mẹ́rin mìíràn bí ó bá ń bọ̀. Rédíò wà nínú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ìmọ́lẹ̀ léésà lè gbé wá láàárín wákàtí kan, rédíò á fi oṣù mọ́kànlá bù ú wá ní ṣíbí ṣíbí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ la gbójú lé.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún tín-ín-rín. Bí ọkọ̀ náà kò bá mọ ibi tí a wà gan-an, ẹ̀gbẹ́ wa ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gbà kọjá, a ò sì ní mọ̀ pé ó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, àwa la máa ń kọ́kọ́ tan iná tiwa sí i láti ilẹ̀. Iná ìpè là ń pè é. Bí ó bá ti rí iná ìpè, á dojú kọ ọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà kan náà. Bí iná ìpè bá kú, ọ̀nà sọnù mọ́ ọn lójú nìyẹn.

Ibi tí èmi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ojú ènìyàn kì í rí iná ìpè, ṣùgbọ́n iná ìpè lè fọ́ ojú ènìyàn. Bí ọkọ̀ òfurufú bá gba ojú ọ̀nà rẹ̀ kọjá, tí awakọ̀ sì wolẹ̀ lásìkò náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ẹ̀mí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú ilé tó ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá, nítorí pé wọ́n máa ń pe orúkọ ara wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Àwọn kékeré kì í pe nǹkan kan. Àwọn ni mò ń ṣọ́. Òfin iṣẹ́ mi kò ju gbólóhùn kan lọ: tẹ̀ ẹ́ ná, kí o tó béèrè. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, iná kú, kò sì sí ẹni tó lè bá mi jiyàn.

Bàbá Ojú ni wọ́n ń pè mí. Nígbà kan, mo rí ọkọ̀ òfurufú bíńtín kan tó ń yọ bọ̀ láti inú ìkùukùu, tí ẹ̀rọ kò gbọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rí, mo sì pa iná kí ó tó dé ọ̀gangan wa. Láti ọjọ́ yẹn lorúkọ náà ti mọ́ mi lára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn.

Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀. Ìyá Iná la ń pè é, nítorí pé ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó lè tún iná ìpè tàn máa ń wà. Ogún ọdún ló ti wà nídìí ọkọ̀ yẹn, láti ìgbà tó ṣì jẹ́ àwòrán lórí ìwé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, wọ́n bi í níléèwé pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí. Ó ní àwọn méjì ni, pé àbúrò òun wà lókè ọ̀run. Olùkọ́ ránṣẹ́ pe ìyá, ó bá a kẹ́dùn títí, obìnrin náà kò sì mọ ibi tí òun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń pe ọkọ̀ náà ní Àbíkẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Àbíkẹ́yìn ti ń kú lọ. Gáàsì tó fi ń yí ara rẹ̀ padà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ti ya àádọ́rùn-ún àwòrán ẹ̀yìn ayé kékeré náà, apá ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú kàn rí, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ikùn rẹ̀. Ìyá Iná ṣírò rẹ̀ síwá sẹ́yìn: gáàsì tó kù á gbé e yí padà sí wa lẹ́ẹ̀kan péré. Ìgbà kan ṣoṣo yẹn, àádọ́ta ìṣẹ́jú, ni gbogbo ogún ọdún yẹn ń dúró dè.

Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni àlejò kan wọ ojú òsì mi.

Dúdú ni, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí mo bá wo ibi tó funfun, màá rí i tó ń léfòó níbẹ̀. Mo fọ ojú, mo nu ojú, mo sùn, mo jí, àlejò ò lọ. Ìyá àwọn ọmọ ń ránṣọ nílé. Látìgbà tí ojú tirẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ni mo ti máa ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ fún un kí n tó jáde láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti òwú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń gbà kọjá. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í sí i fúnra rẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń ṣe ojú yín?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Iná yìí ni ò mọ́lẹ̀."

"Iná tí mo fi ránṣọ lánàá náà ni. Ẹ lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́."

"Kí n sọ kí ni? Pé Bàbá Ojú ò ríran mọ́?"

"Ẹ sọ pé kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu yín ò ní bó."

Mi ò sọ. Mo ní àwáwí tó dára, ó sì jẹ́ òtítọ́: èmi nìkan ni mo ní ìwé àṣẹ láti di bọ́tìnì yẹn mú. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó fún un níwèé, bí kò bá sì sí olùṣọ́ lórí òrùlé, iná kò gbọdọ̀ tàn. Àbíkẹ́yìn kò ní oṣù mẹ́ta. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi nìyẹn lójoojúmọ́. Èyí tí mi ò ṣàlàyé ni pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi.

Wọ́n yẹ ojú mi wò lóòótọ́ láàárín ìgbà yẹn, torí pé oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìwé lẹ́tà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ti wà lára ògiri kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án, mo ti mọ̀ ọ́n sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń mọ ìsọdipúpọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n bo ojú ọ̀tún, kí n ka ìlà tó kẹ́yìn. Mo kà á geere. Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì tan iná." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Mo sì ti rò pé mo mọ ìwà àlejò mi. Bí mo bá yí ojú sí ọ̀tún, á sáré tẹ̀ lé mi. Bí mo bá dúró, á rọra máa rọ̀ wálẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kì í tẹ̀ lé ojú ènìyàn kiri. Mo ní kò lè tàn mí jẹ láéláé, èmi tí mo ti ń wo ojú ọ̀run láti ọdún gbọ́gbọrọ.

Ọjọ́ náà pé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, kò sí ìkùukùu kankan lókè. Ìyá Iná gun àtẹ̀gùn wá bá mi lórí òrùlé, kọ́kọ́rọ́ ń mì lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ọjọ́ wá dáa."

"Ojú ọ̀run mọ́?"

"Ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

Ojú mi ló ń wò, kò wo òkè rárá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa," ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà nísàlẹ̀. Olónkà, ọkùnrin tó ń wo kọ̀ǹpútà, ló sọ pé iná ìpè ti tàn. Mi ò rí nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin bọ̀. Lẹ́yìn náà Olónkà ké tòò:

"Ó ti rí wa! Ó ti ń sọ̀rọ̀!"

Mo gbọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Iná tó ń sọ pé kí wọ́n dákẹ́, ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò sì dúró sójú kan. Olónkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwòrán bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọ̀kan ti wọlé. Èjì ti wọlé. Ó máa ń fi ẹ̀fẹ̀ kún un fún mi, torí ó mọ̀ pé mi ò rí nǹkan lọ́dọ̀ tèmi: "Bàbá Ojú, ibí yìí dà bí awọ orí yín." Mo ní kó máa ka òǹkà tó ń kà, pé mo ń bọ̀ wá bá a nísàlẹ̀. Inú mi dùn. Mo ń rò ó pé bí èyí bá ti parí, lọ́la gan-an ni màá lọ bá nọ́ọ̀sì, màá sì jẹ́wọ́.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wọlé nígbà tí mo rí i.

Ìhà òsì ló ti wá, lókè, dúdú, ó kéré. Ó ń rìn. Kì í ṣe pé ó ń ta pọ́ún pọ́ún bí àlejò mi ṣe máa ń ṣe, ó ń rìn geerege lọ sí ọ̀gangan ibi tí iná wa gbà. Mo rántí àlejò, mi ò purọ́. Mo rántí rẹ̀, mo sì tún rántí awakọ̀ kan tí mi ò mọ̀, pẹ̀lú ọmọ tàbí ìyàwó lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá yí ojú láti dán an wò, ìṣẹ́jú àáyá méjì á lọ, ìṣẹ́jú àáyá méjì náà sì ni ọkọ̀ nílò láti wọ inú iná. Òfin ní kí n tẹ̀ ẹ́ ná.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Iná nínú àpótí.

"Bàbá?"

"Ọkọ̀ òfurufú ni, Ọ̀gá. Kékeré ni. Láti ìlà oòrùn."

Ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ tán ni mo tó yí ojú sí ọ̀tún. Ó tẹ̀ lé mi. Mo yí i sí òsì, ó sáré bá mi padà. Mo dúró, ó sì ń rọra rọ̀ wálẹ̀ níwájú òfurufú tó mọ́ kedere, tí kò sí ẹyẹ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Kódà ká ní mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kò lè yí nǹkan kan padà. Bí iná ìpè bá ti kú, ìṣẹ́jú méjì gbọ́dọ̀ kọjá kí kọ́kọ́rọ́ tó lè tún un tàn. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo òkùnkùn oníṣẹ́jú méjì ti jáde lọ́wọ́ mi, ó ti ń gòkè lọ sọ́dọ̀ Àbíkẹ́yìn, kò sì sí ohun kan láyé tó lè sáré bá a. Mo sọ pé ọ̀nà ti mọ́. Ìyá Iná yí kọ́kọ́rọ́, iná tún tàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ṣe rí, torí òun ló dùn mí jù. Àbíkẹ́yìn kò tíì mọ̀. Fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ṣì ń rí iná tí a ti pa. Èyí tó sì ti fi ránṣẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà, yóò lo mẹ́rin mìíràn kí ó tó dé. Nítorí náà àwòrán kò dúró. Wọ́n ń wọlé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ìṣẹ́jú tí wọn máa dúró.

Ẹnì kan nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbọ́ Ìyá Iná tó sọ jẹ́jẹ́ pé:

"Ẹ máa gbà á. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Olónkà, máa kà á lọ."

Olónkà ń kà á lọ. Kò fi ẹ̀fẹ̀ kún un mọ́. Ọgbọ̀n ó lé méjì ti wọlé. Ọgbọ̀n ó lé mẹ́ta. Ó ń kà á bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ènìyàn tó fẹ́ rìnrìn àjò. Èmi náà ń kà á pẹ̀lú rẹ̀ láìyọ ohùn, bọ́tìnì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kà á dé ogójì, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ìṣirò ìmọ́lẹ̀.

"Márùn-dín-láàádọ́ta ti wọlé," ni Olónkà wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí nǹkan kà mọ́.

A dúró. Gbogbo wa mọ̀ pé Àbíkẹ́yìn á máa wá wa. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn: bí kò bá rí iná ìpè mọ́, kí ó máa yí ojú kiri díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí i. Kí iná tí a tún tàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti yí ojú kúrò lọ́nà; gáàsì ló sì fi ń yí, gáàsì ọ̀hún kò tó nǹkan. Rédíò rẹ̀ ń mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá, ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nígbà tó bá wà lẹ́nu ìwákiri. Olónkà kà á fún wa.

"Ó ní òun ń wá wa."

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà gáàsì tán, kò lè yí mọ́, rédíò pàápàá sì ṣe bí ẹní ń jìnnà lọ títí a ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwòrán márùn-dín-láàádọ́ta ló wà lọ́wọ́ wa. Márùn-dín-láàádọ́ta yòókù wà nínú ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò sì wà.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí òrùlé wá bá mi. Mo rò pé wọ́n wá bú mi ni. Obìnrin tó ń tọ́jú dígí, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ló kọ́kọ́ dé. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín, Bàbá. Ẹ gba ẹ̀mí là."

Olónkà náà dé. Ó wo ìhà ìlà oòrùn, ó mi orí.

"Èmi náà gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti inú ilé. Ó sún mọ́ wa gan-an."

Yàrá tí Olónkà ń jókòó sí kò ní fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń tú atẹ́gùn tútù jáde níbẹ̀ sì ń pariwo débi pé kò sí ìró òde tó ń wọ ibẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó nífẹ̀ẹ́ mi ni. Ó ti fi etí rẹ̀ jẹ́rìí fún ojú mi kí n tó bẹ̀ ẹ́, mo sì rí i pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti parí. Ẹ̀rọ ò ní já irọ́ mi, torí ẹ̀rọ kì í gbọ́ àwọn kékeré. Ṣe ni wọn á tún máa pè mí ní Bàbá Ojú, ìyìn á sì wà nínú rẹ̀.

Ìwé kan wà tí olùṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ bí ó bá ti pa iná: aago, ìhà tí nǹkan ti wá, ohun tí ó rí. Mo ṣí i. Mo kọ aago. Mo kọ ìlà oòrùn. Níbi ohun tí mo rí, mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, funfun. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí funfun yẹn. Irọ́ ni kì í fẹ́ dá wà, ó máa ń wá aṣọ wọ̀.

Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ tán kí Ìyá Iná tó gòkè wá. Ó ti bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. Ó fara ti irin etí òrùlé, ó ń wo ìsàlẹ̀, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó ara wọn jọ síwájú ilé láti máa lọ.

"Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ó ní.

Ẹnu mi ló ṣí fúnra rẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá má sọ ọ́.

"Ọ̀gá, kò sí ọkọ̀ òfurufú kankan. Nǹkan dúdú kan ló wà nínú ojú mi. Ó ti pé oṣù méjì. Òun ni mo rí. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo fi pamọ́ fún yín. Èmi ni mo pa Àbíkẹ́yìn."

Kò yí padà.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ní ẹ ka lẹ́tà nínú òkùnkùn. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ jókòó síbí mọ́ títí dókítà ojú á fi rí yín. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi."

Inú bí mi. Ẹ gbọ́ ná: èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́, inú tún bí mi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mo dìde lórí àga.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n jókòó síbí? Bó bá wá jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ń bọ̀ lóòótọ́, tí mi ò rí i ńkọ́? Ta ló máa dáhùn fún wọn?"

"Oṣù mẹ́ta la fi ń kọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Àbíkẹ́yìn kò lè dúró."

Àwáwí tèmi gan-an ni, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, kò sì burú létí mi tó bó ṣe burú lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìbínú mi rọlẹ̀. Mo tún jókòó.

Mo ṣí ìwé náà, mo fa igi lé ọkọ̀ òfurufú kékeré, mo fa igi lé funfun. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: kò sí nǹkan kan lókè, ojú mi ló ń ṣàìsàn, mo mọ̀, mi ò sọ. Mo bu ọwọ́ lù ú. Ìyá Iná gba pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ pé òun náà mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè é níbẹ̀. A mọ ohun tí ìwé yẹn á ṣe fún àwa méjèèjì bí ó bá di ọ̀la.

Kò dá pẹ́ẹ̀nì padà fún mi.

"Bàbá, èyí tó kù rèé, bí mi ò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé mi. Ìgbà tí ẹ ní ọkọ̀ òfurufú ni, kì í ṣe àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni mo rò. Ohun tí mo rò ni pé kí ló dé tí ọwọ́ bàbá yìí yá tó báyìí. Ká ní ọwọ́ mi ni bọ́tìnì yẹn wà, kí n sì rí wọn kedere tí wọ́n ń bọ̀, mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Mo fẹ́ sọ fún un pé rárá o, pé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò ní gbà fún un. Ohun tó yẹ kí àgbàlagbà sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo ń wò lójú rẹ̀, mi ò rí àyè kankan tí mo lè fi ọ̀rọ̀ ìtùnú sí.

Ó bi mí bóyá kí òun kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Mo sún ìwé náà sí i, mo sì di etí rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má baà ṣí i títí ó fi kọ ọ́ tán.